Ìjẹ́wọ́ Òru Kan, Ẹ̀bẹ̀ Ọdún Mẹ́wàá

Kò sí ọ̀dọ́ tí ó ń gbé ní àyíká Old Garage ní Òṣogbo tí kò mọ bí ọkọ̀ ọlọ́pàá ṣe ń yára kún. Ibi tí èrò ti ń wọkọ̀, tí oníṣòwò ti ń ná ọjà, tí àwọn ọmọ iṣẹ́ ọwọ́ ti ń dúró de oníbàárà, ibẹ̀ ni ó rọrùn jù lọ láti kó ènìyàn mẹ́wàá nígbà tí ó jẹ́ pé ẹnìkan ṣoṣo ni wọ́n ń wá. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú jáde sí ìkóríta Ọláìyá ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, bí àwọn ẹgbẹ́ wọn ti ṣe ní Èkó àti ní Àbújá, ẹ̀sùn tí gbogbo Nàìjíríà fi ń kan ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS kì í ṣe ti ìbọn àti owó ẹ̀yìn nìkan. Ẹ̀sùn ìwé tí wọ́n fi ìyà mú ènìyàn fọwọ́ sí wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba tú ẹ̀ka náà ká ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún náà. Ìwé tí wọ́n ń fọwọ́ sí ní àgọ́ ọlọ́pàá kò bá SARS lọ.

Ìwé yìí ni wọ́n ń pè ní sítétímẹ́ǹtì. Àwọn ènìyàn rò pé àlàyé lásán ni, ohun tí ènìyàn lè wá tún ṣe bí ó bá dé iwájú adájọ́. Ìrònú yìí ti gba ẹ̀mí. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, bí olùjẹ́jọ́ bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, tí ọ̀rọ̀ náà ṣe tààrà, tí ó sì dá ilé-ẹjọ́ lójú pé kò sí ẹni tí ó fi agbára mú un sọ ọ́, adájọ́ lè fi ìjẹ́wọ́ yẹn nìkan dá a lẹ́bi, títí dé orí ẹ̀bi ikú. Ọ̀rọ̀ ẹyin ni. Ti àgọ́ ọlọ́pàá tún jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó sọ ọ́, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Òfin kò fi ọ̀nà náà sílẹ̀ láìṣọ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní, ní abala 29, pé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìnilára gbà kò gbọdọ̀ wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ìbáà tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́ ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kí ni wọ́n ń pè ní ìnilára? Ìdálóró wà nínú rẹ̀. Ìwà ìkà àti ìwà ìtẹ́nilógo wà nínú rẹ̀. Lílu ènìyàn tàbí fífi lílù halẹ̀ mọ́ ọn wà nínú rẹ̀, bí kò tilẹ̀ tó ohun tí a lè pè ní ìdálóró. Ìlérí èké tí ó lè sọ ìjẹ́wọ́ di ohun tí kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé náà wà lábẹ́ abala yìí, bí irú èyí tí wọ́n ń sọ fún ọmọdé pé, “Fọwọ́ sí i, ìyá rẹ yóò sì mú ọ lọ sílé lónìí.” Kì í ṣe olùjẹ́jọ́ ni ó sì ní láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n lu òun. Nígbà tí ó bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, ìjọba tí ó pe ẹjọ́ ni ó gbọ́dọ̀ fi hàn láìsí iyèméjì pé wọn kò lù ú.

Ṣùgbọ́n gbólóhùn tí olùjẹ́jọ́ bá sọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé náà kalẹ̀ ni ó ń ṣí ilẹ̀kùn yẹn tàbí tí ó ń tì í. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ó sì tọ́ kí ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kọ̀ọ̀kan mọ̀ ọ́n bí ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Bí olùjẹ́jọ́ bá sọ pé òun kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, tàbí pé ọwọ́ tí ó wà nísàlẹ̀ ìwé kì í ṣe ti òun, adájọ́ yóò gba ìwé náà wọlé. Ìgbà tí ó bá ń kọ ìdájọ́ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó bí ó ti wúwo tó. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ó sọ ni pé òun fọwọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n so òun rọ̀, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ àdá na òun, tàbí wọ́n gbé ìbọn sí òun létí, adájọ́ gbọ́dọ̀ dá ẹjọ́ gangan dúró. Yóò kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ lórí ìwé náà nìkan. Ẹjọ́ nínú ẹjọ́ ni àwọn agbẹjọ́rò ń pè é. Àwọn ọlọ́pàá tí ó wà níbẹ̀ yóò jáde wá jẹ́rìí, agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ yóò sì bi wọ́n léèrè: ta ni ó wà nínú yàrá? Aago mélòó ni? Èé ṣe tí dókítà fi rí ọgbẹ́ lára rẹ̀ ní ọjọ́ kejì?

Ẹni tí ẹ̀rù ń bà, tí ojú ń tì, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni “Èmi kọ́.” Ó sẹ́ gbogbo rẹ̀ pátá, ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò fi là. Nínú sísẹ́ yẹn, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn ẹjọ́ nínú ẹjọ́. Bí agbẹjọ́rò rẹ̀ kò bá sì ṣe àtakò lọ́jọ́ náà, tí wọ́n wá dé ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, tí ó ń sọ pé wọ́n lu oníbàárà òun kí ó tó fọwọ́ sí i, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àwọn adájọ́ yóò bi í ni pé níbo ni ó wà nígbà tí ìwé náà ń wọlé. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n máa ń dá sí ẹni tí ó dákẹ́ nígbà náà.

Ọ̀ràn èdè tún wà níbẹ̀. Ọmọ Òṣogbo tí ó sọ tẹnu rẹ̀ ní Yorùbá, ọlọ́pàá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tẹ ìka sí ohun tí kò lè kà. Ìlànà tí àwọn ilé-ẹjọ́ gíga ti fi lélẹ̀ ni pé èdè tí olùjẹ́jọ́ fi sọ̀rọ̀ ni ó dára jù kí wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí wọ́n tó wá túmọ̀ rẹ̀. Bí ògbufọ̀ bá wà láàárín, ògbufọ̀ náà gbọ́dọ̀ jáde wá jẹ́rìí sí ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí ó túmọ̀. Láìsí i, àgbọ́sọ lásán ni ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá kọ. Ẹjọ́ kò kéré tí ó ti wó lórí ọ̀rọ̀ yìí nìkan. Agbẹjọ́rò tí kò béèrè ẹni tí ó ṣe ògbufọ̀ kò ṣiṣẹ́ owó tí ó gbà.

Láti ayé ìjọba òyìnbó ni àwọn adájọ́ ilẹ̀ yìí ti ń lo òṣùwọ̀n kan fún ìjẹ́wọ́ tí olùjẹ́jọ́ bá padà kọ̀ sílẹ̀. Wọn a máa wò ó bóyá ohun kan wà lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ náà tí ó fi hàn pé òótọ́ ni. Bóyá olùjẹ́jọ́ ní àǹfààní láti wà níbi tí wọ́n ti dá ọ̀ràn. Bóyá ohun tí ó sọ ṣeé ṣe. Bóyá ó bá àwọn ẹ̀rí yòókù mu. Òṣùwọ̀n tí ó dára ni, bí wọ́n bá lò ó tọkàntọkàn. Nígbà mìíràn, ìlà mẹ́ta ni ó máa ń gbà nínú ìdájọ́ olójú ewé ọgọ́ta.

Ìlọsíwájú ti wà lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì yẹ kí a fi pamọ́. Ìpínlẹ̀ Èkó ni ó kọ́kọ́ ṣe òfin ìṣàkóso ìdájọ́ ọ̀daràn, ní 2007, tí wọ́n tún un ṣe ní 2011. Abala 9 nínú rẹ̀ ní kí wọ́n gba ìjẹ́wọ́ sílẹ̀ lórí fídíò, tàbí kí agbẹjọ́rò tí afurasí yàn wà níbẹ̀ nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ṣe tirẹ̀ ní 2015, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù, tí Ọ̀ṣun wà lára wọn, sì tẹ̀ lé e. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn adájọ́ ń jiyàn lórí bóyá àṣẹ ni èyí tàbí ìmọ̀ràn. Àwọn kan ní kò pọn dandan. Àwọn mìíràn ní bí kò bá pọn dandan, kí ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú òfin? Ní 2023 ni Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ, nínú ẹjọ́ Charles àti Ìpínlẹ̀ Èkó, pé dandan ni òfin Èkó náà. Ní 2024 ó sọ irú rẹ̀ lórí òfin àpapọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ìjẹ́wọ́ tí kò ní fídíò, tí kò sì sí agbẹjọ́rò níbẹ̀, lè di ìwé asán ní abẹ́ àwọn òfin wọ̀nyẹn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀rọ̀ òfin tirẹ̀, nítorí náà ẹni tí ọ̀ràn bá bá ní Òṣogbo gbọ́dọ̀ rí i pé agbẹjọ́rò òun mú ti Ọ̀ṣun lọ́wọ́ dé iwájú adájọ́, kì í ṣe ti Èkó.

Ọ̀rọ̀ Moses Akatugba ti Ìpínlẹ̀ Delta yẹ kí ó hàn sí ẹni tí ó bá rò pé àsọdùn ni gbogbo èyí. Ọmọ ọdún 16 ni ní 2005 nígbà tí wọ́n mú un lórí ẹ̀sùn pé ó fi ohun ìjà gba fóònù àti owó. Ó ní wọ́n yìnbọn fún òun lọ́wọ́, wọ́n so òun rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n fi ẹ̀mú fa èékánná òun, kí òun tó fọwọ́ sí ìwé ìjẹ́wọ́ méjì tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún òun. Ọdún mẹ́jọ ni ó lò nínú ẹ̀wọ̀n kí ilé-ẹjọ́ tó dá ẹjọ́ ikú fún un ní 2013. Gómìnà Emmanuel Uduaghan ni ó dárí jì í ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2015, nígbà tí ó ku ọ̀la kí ó fi ipò sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn láti gbogbo àgbáyé ti kọ lẹ́tà sí i. Kò sí ìlànà kankan tí ó sọ pé lẹ́tà gbọ́dọ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kí ọmọdé tó rí ojú rere. Àwọn tí ayé kò kọ lẹ́tà nítorí wọn ńkọ́?

Èyí ni ó gbé ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ àkókò. Ẹni tí ilé-ẹjọ́ gíga bá dá lẹ́bi ní ẹ̀tọ́, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni òfin ilé-ẹjọ́ náà fún un, láti ọjọ́ tí wọ́n ka ìdájọ́. Láti ibẹ̀ dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni. Ẹni tí ó bá pẹ́ kò tíì kú tán, nítorí ilé-ẹjọ́ ní agbára láti fi àkókò kún àkókò. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: ìdí gidi tí kò fi wá nígbà tí ó yẹ, àti ìdí ẹjọ́ tí ó hàn gbangba pé ó tó ohun tí à ń gbọ́. Ọ̀kan kò tó láìsí èkejì.

Àádọ́rùn-ún ọjọ́ jọ ohun tí ó pọ̀ lójú ẹni tí ó wà nílé. Kí ẹni náà fi ara rẹ̀ sí ipò ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ẹjọ́ ikú fún, tí wọ́n gbé kúrò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn. Agbẹjọ́rò tí ó ṣe ẹjọ́ àkọ́kọ́ ní iṣẹ́ òun ti parí. Bàbá ti ta ilẹ̀ tán. Ìwé àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ ń béèrè owó títẹ̀ àti owó ọkọ̀, nígbà tí ìyá kò mọ ibi tí wọ́n gbé ọmọ lọ. Oṣù mẹ́ta ti kọjá kí ẹnikẹ́ni tó sọ gbólóhùn náà, “kò tẹ́ mi lọ́rùn.” Àwọn adájọ́ sábà máa ń ṣàánú nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá níbi tí ẹ̀mí bá wà nínú rẹ̀, wọn kì í sì í fẹ́ fi ẹ̀ṣẹ̀ agbẹjọ́rò jẹ oníbàárà rẹ̀ níyà. Àánú náà kò wá fúnra rẹ̀. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ lọ béèrè rẹ̀.

Ní ìtòsí ni àpẹẹrẹ ti ọdún mẹ́wàá wà. Ní 2010 ni wọ́n mú ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ní ẹkùn Odò-Ọ̀tìn, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n kó ohun ìjà wọ ilé ọlọ́pàá kan àti ilé ẹlòmíràn, wọ́n sì kó adìẹ lọ. Ìròyìn fi hàn pé ọmọ ọdún 17 ni ọ̀kan nínú wọn nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2014, Adájọ́ Jídé Falọlá ti ilé-ẹjọ́ gíga tí ó jókòó ní Òkukù dá ẹjọ́ ikú fún wọn lórí ìdìtẹ̀ àti ìdigunjalè. Àwọn ènìyàn ń pè é ní ẹjọ́ adìẹ; ọ̀rọ̀ náà kò pé bẹ́ẹ̀, nítorí pé òfin kì í pa ènìyàn nítorí adìẹ, ohun ìjà ni ó sọ olè di ìdigunjalè. Síbẹ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 2024 ni àwọn òbí ọmọ náà jáde lórí ètò ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan, wọ́n sunkún lójú ayé, ariwo sì ta káàkiri. Kí oṣù náà tó parí, Gómìnà Adémọ́lá Adélékè ti fi orúkọ ọmọ náà sínú àwọn 53 tí ó ṣàánú fún.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe àṣìṣe lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdáríjì yàtọ̀ sí ìdáláre. Abala 212 nínú òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ni ó fún gómìnà ní agbára láti dárí jini, àánú sì ni. Kò sọ pé ẹni náà kò ṣe é, kò sì sọ pé bí wọ́n ti gba ẹ̀rí sí i lọ́rùn tọ́ tàbí kò tọ́. Ọdún mẹ́wàá wà láàárín ìdájọ́ àti àánú náà, ojúde gómìnà ni ọ̀nà sì gbà là, kì í ṣe ilé-ẹjọ́. Ìlú tí ó ń fi ẹkún orí afẹ́fẹ́ rọ́pò ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yóò máa yọ ẹni tí òbí rẹ̀ mọ ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ìròyìn, yóò sì máa fi àwọn yòókù sílẹ̀.

Ẹni tí ó pe ẹjọ́ ní àkókò pàápàá kò fìgbà gbogbo yè. Nígbà tí Òṣogbo ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, ilé-ẹjọ́ dá ẹjọ́ ikú fún ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Nasiru Bello lórí ìdigunjalè. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹjọ́ náà wà níwájú àwọn adájọ́, wọn kò tíì gbọ́ ọ, nígbà tí kọmíṣánnà fún ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ náà dábàá pé kí wọ́n pa á, wọ́n sì pa á ní 1981. Àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ gbé ìjọba lọ sílé-ẹjọ́. Wọ́n pàdánù ní ilé-ẹjọ́ méjì, àfi nígbà tí wọ́n dé Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní 1986. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a pé ìjọba ti fi ọwọ́ pa ẹ̀tọ́ ọkùnrin náà sí ìyè rẹ́, àti pé ibi tí ẹ̀tọ́ bá wà, àtúnṣe gbọ́dọ̀ wà. Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ náà, Aniagolu, sọ pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Nàìjíríà ní ìmọ̀ òun, ìbáà ṣe lábẹ́ òyìnbó tàbí lábẹ́ aláwọ̀ dúdú. Owó gbà-má-bínú ni àwọn tí ó fi sílẹ̀ gbà. Ẹjọ́ rẹ̀ gangan, kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ́.

Kì í ṣe ilẹ̀ adúláwọ̀ nìkan ni ó ní irú àbààwọ́n yìí. Ní Cardiff, ní ilẹ̀ Wales, wọ́n so Mahmood Hussein Mattan kọ́ ní ọjọ́ 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 1952. Atukọ̀ ọmọ Sòmálíà ni, Mùsùlùmí, ọkọ obìnrin Wales kan, bàbá ọmọ mẹ́ta. Kò jẹ́wọ́ rárá títí ó fi kú. Agbẹjọ́rò tirẹ̀ ni ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tí ó pè é ní ẹni tí ọ̀làjú rẹ̀ kò pé. Ìyàwó rẹ̀ kò dákẹ́. Ní 1998, ọdún 46 lẹ́yìn ikú ọkùnrin náà, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù wọ́gi lé ìdájọ́ rẹ̀. Ẹjọ́ rẹ̀ ni àkọ́kọ́ tí ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1997 láti máa tún ẹjọ́ àtijọ́ yẹ̀ wò gbé lọ síbẹ̀. Ọ̀nà yẹn kan náà ni Oliver Campbell gbà. Ó ní ìpalára ọpọlọ láti ìgbà ọmọ ọwọ́, ó sì jẹ́wọ́ ìpànìyàn fún ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí kò sí agbẹjọ́rò lọ́dọ̀ rẹ̀. 1991 ni wọ́n dá a lẹ́bi. 2024 ni wọ́n tó fagi lé e.

Nàìjíríà kò ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ bá ti sọ̀rọ̀, ilẹ̀kùn tí ó kù ni ti gómìnà tàbí ti Ààrẹ. Ìdí nìyí tí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní òru àkọ́kọ́ àti láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ fi wúwo níhìn-ín ju bí ó ti wúwo ní òkèèrè lọ.

Àwọn kan yóò ní bí ilé-ẹjọ́ bá ń lé ìjẹ́wọ́ dànù, àwọn adigunjalè yóò máa rìn lọ́fẹ̀ẹ́ ní Old Garage. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n ti fi ìbọn gba ọjà rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rí ìdájọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá tí ó lù ènìyàn títí ó fi jẹ́wọ́ ti dáwọ́ ìwádìí dúró níbẹ̀. Kò wá ìbọn mọ́, kò wá ẹrù olè, kò wá ẹlẹ́rìí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó mú kọ́ ni ó jalè, olè gidi wà nínú ìgboro, inú rẹ̀ sì dùn.

Ìlànà Ìsìláàmù kò ṣàjèjì sí èyí. Ẹni tí wọ́n fi agbára mú sọ ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀, Alùkùránì ti gbà á sílẹ̀ nínú Súrátù Nahl, ẹsẹ̀ 106, àní nínú ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́, tí kò sí ohun tí ó ju ú lọ. Nígbà tí Máísì ọmọ Málíkì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá jẹ́wọ́ níwájú Ànábì Muhammad (S.A.W.), tí ẹnikẹ́ni kò lù ú, Ànábì yí ojú kúrò lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì béèrè bóyá orí rẹ̀ pé. Ní ayé òde òní, nígbà tí wọ́n dá ẹjọ́ sísọ lókò pa fún Àmínà Lawal ní Bakori ní 2002, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn Ṣẹ̀ríà ti Katsina ni ó dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003. Adájọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún gbà pé ó ní ẹ̀tọ́ láti kó ìjẹ́wọ́ rẹ̀ jẹ, àti pé adájọ́ kan ṣoṣo ni ó jókòó gbọ́ ẹjọ́ tí ó yẹ kí mẹ́ta gbọ́.

Nígbà náà, ojú wo ni àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nínú gáréèjì fúnra rẹ̀? Ariwo olè ta, wọ́n mú ọmọ kan, wọ́n gbé táyà, wọ́n ń nà án pé kí ó dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹnìkan sì gbé fóònù sókè ó ń yà á sórí fídíò. Ó dárúkọ. Ta ni kò ní dárúkọ? Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, orúkọ ọmọ aládùúgbò kan ti wọ inú ìwé ọlọ́pàá nípasẹ̀ táyà. Abala 29 kò sọ pé ọlọ́pàá nìkan ni ó lè ni ènìyàn lára. Àwọn tí ó ń kígbe lórí SARS ní Ọláìyá, tí wọ́n tún ń na olè kí ó jẹ́wọ́ ní ọjà, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Iṣẹ́ tí ó wà nílẹ̀ fún ẹgbẹ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan kò pọ̀, kò sì gbówó púpọ̀ lórí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ọmọ aládùúgbò, kí àgbàlagbà méjì lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ọjọ́ náà gan-an, kí wọ́n béèrè orúkọ ọlọ́pàá tí ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé àwọn mọ̀ pé ọmọ náà wà níbẹ̀. Abala 35 nínú òfin ìpìlẹ̀ fún afurasí ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, láìdáhùn ìbéèrè kankan, títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí ó bá yàn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe agbẹjọ́rò nìkan ni òfin dárúkọ. Lèmọ́mù àdúgbò lè jẹ́ ẹni yẹn. Abala náà ní kí wọ́n gbé e dé ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan níbi tí ilé-ẹjọ́ bá wà ní nǹkan bí ogójì kìlómítà. Ní Òṣogbo, kò sí àgọ́ tí ó jìnnà sí ilé-ẹjọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá wà lára ọmọ náà nígbà tí ó bá jáde, ilé ìwòsàn ìjọba ni kí wọ́n gbé e lọ ní ọjọ́ náà, kí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí wọ́n fi pamọ́. Ìwé yẹn ni yóò sọ̀rọ̀ nínú ẹjọ́ nínú ẹjọ́ nígbà tí ọgbẹ́ bá ti jinná. Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò, kí wọ́n darí rẹ̀ sí Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ fún aláìní.

Bí ó bá wá jẹ́ pé ìdájọ́ ti jáde, kí ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀, kí ó ka àádọ́rùn-ún láti ibẹ̀, kí ó sì lọ sí Iléṣà tàbí ibikíbi tí wọ́n bá gbé ọmọ náà lọ kí oṣù kan tó pé. Ìwé ìfilọ̀ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kò gùn. Òfin gbà kí ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́, àwọn ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé ilé-ẹjọ́. Orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìdájọ́, ohun tí wọ́n dá a lẹ́bi lé lórí, àti ìdí kan ó kéré tán tí kò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn: èyí tó láti bẹ̀rẹ̀. Agbẹjọ́rò lè fi ìdí mìíràn kún un lẹ́yìn náà, bí ilé-ẹjọ́ bá gbà á láàyè.